Ọmú tó ń yún aboyún, tí kò fẹ́ kí aṣọ kàn án: kí ni kí n lò, kí ni kí n yẹra fún?

Aboyún Mọ́kọ́lá béèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oyún àkọ́kọ́ mi nìyí, ó sì ti wọ oṣù keje. Láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní Ìbàdàn ni awọ ọmú mi méjèèjì ti ń yún mi, pàápàá jù lọ lára dúdú tó yí orí ọmú ká àti ní abẹ́ ọmú níbi tí kọ́mú ti ń fún mi. Kì í ṣe yíyún nìkan o. Bí aṣọ bá ti kan orí ọmú báyìí, ara mi á bù mọ́ ọn, n ó sì fẹ́ bọ́ gbogbo aṣọ sílẹ̀. Awọ náà ń fà, ó sì ti ń la ìlà tín-ín-rín ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn kókó kéékèèké kan tún yọ yí orí ọmú ká, ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn sì rèé, mo máa ń rí nǹkan pupa rúsúrúsú tó gbẹ mọ́ ọn lórí.

Ìmọ̀ràn tí mo ti gbà pọ̀, wọn kò sì bára mu. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n fẹ́ràn mi gan-an, ní kí n máa fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fọ orí ọmú náà dáadáa kí ó lè yi, kí ọmọ má baà dá egbò sí i nígbà tó bá ń mu. Aládùúgbò mi kan ní kí n máa kán Dettol sínú omi ìwẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n fi Robb pa á. Níbi tí mo ti lọ ra ìpara lọ́jà, ìyá tó ń tà á fẹ́ po oríṣi mẹ́ta pọ̀ fún mi sínú ike kan, ó ní yíyún náà kò ní pẹ́ dáwọ́ dúró, àti pé dúdú tó yí orí ọmú ká yóò tún mọ́. Mi ò gbà á. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èwo nínú gbogbo èyí ni kò lè pa ọmọ inú mi lára, bóyá òrí àti òróró àgbọn dára fún un, àti ìgbà tí ó yẹ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí à ń tọ́jú nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó dáhùn:

Àbúrò mi, mo kí ọ. Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Bí o kò ṣe gbà kí ìyá ọlọ́jà yẹn po ìpara mẹ́ta pọ̀ fún ọ dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Má ṣe gbà á láéláé, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á ṣe jẹ́ ènìyàn rere tó.

Kí o tó ra ohunkóhun, kọ́mú ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọmú aboyún kì í dúró lójú kan. Èyí tí o ń wọ̀ ní oṣù kẹta kò lè gbà ọ́ mọ́ ní oṣù keje, bí ó bá sì ti ń fún ọ lábẹ́ ọmú, òógùn kò ní ráyè gbẹ, rọ́bà etí rẹ̀ yóò sì máa ha awọ tó ti nà tẹ́lẹ̀. Wá èyí tí ó jẹ́ òwú, tí kò ní irin lábẹ́, tí okùn èjìká rẹ̀ fẹ̀, tí o sì lè ti ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí o bá so ó tán. Rírẹwà rẹ̀ kò ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ni kò di dandan kí ó wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra kọ́mú òkìríkà ní Ògùnpa, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí o fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o sá a sí oòrùn, kí o sì lọ̀ ọ́ kí ó tó kan ara rẹ. Ní àsìkò ooru, máa pààrọ̀ rẹ̀ bí òógùn bá ti mu ún, má ṣe dúró di alẹ́. Fi omi ṣan ọṣẹ ìfọṣọ kúrò lára rẹ̀ títí omi yóò fi mọ́, nítorí pé ọṣẹ tó kù sínú aṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ ara láti àárọ̀ di alẹ́ tó láti dá yíyún sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn èròjà olóòórùn dídùn tí wọ́n ń dà sínú omi ìfọṣọ sì máa ń dá kún un.

Omi ìwẹ̀ ló tún kù. Omi tó gbóná jù máa ń kó òróró ara lọ, yíyún náà yóò wá rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí o ń wẹ̀, yóò sì tún le sí i lẹ́yìn náà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí èyí tó tutù díẹ̀ ni kí o lò, kí o má sì pẹ́ nínú rẹ̀. Bí o bá jáde, fi aṣọ ìnura tẹ ọmú náà gbẹ, má ṣe fi í ra á, kí o wá fi òrí pa á nígbà tí awọ ṣì lọ́rinrin díẹ̀, nítorí pé omi tó wà lára yẹn gan-an ni òrí yóò sé mọ́ inú awọ. Òrí tí wọn kò po lọ́fíńdà tàbí àwọ̀ mọ́ ni mò ń sọ. Fi díẹ̀ kan ìsàlẹ̀ apá rẹ ní alẹ́ kan kí o rí i pé kò ta ọ́ kí o tó fi í kan ọmú. Òróró àgbọn náà dára. Vaseline tí kò lóòórùn pẹ̀lú dára, àti pé ó rọrùn láti rí ní ibikíbi. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìpara kan wà tí kò ní jẹ́ kí ìlà náà yọ rárá. Ìpara lè rọ awọ kí ó má fà, kí ó má yún ọ. Ìlà ní tirẹ̀ ń ti abẹ́ awọ wá, yóò sì pòórá díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ títí kò fi ní hàn tó báyìí mọ́, bí kò tilẹ̀ lọ tán.

Bí yíyún bá dé lóru tí wọ́n sì ti mú iná lọ, má ṣe fi èékánná họ ọ́. Rẹ aṣọ òwú sínú omi tútù, fún un, kí o sì gbé e lé ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyẹn máa ń ràn mí lọ́wọ́ ju ohunkóhun tí mo fi owó rà lọ nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì mi.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí dáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀yin tí ẹ béèrè. Ọ̀nà tí Ìyá Ìbejì gbà là á dára, èmi náà yóò sọ ìdí tí ara yín fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé aboyún tó bá mọ ìdí kì í tètè jẹ́ kí wọ́n tà á ní ohun tí kò nílò.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni àwọn họ́móònù tí ara ń pèsè ti ń múra ọmú sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá ń pọ̀ sí i, àwọn ojú ibi tí wàrà yóò ti jáde ń dàgbà, awọ tó bo gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ nà láti gbà á. Awọ tó ń nà máa ń gbẹ, èyí tó bá sì gbẹ máa ń yún. Ìdí tí orí ọmú fi ń bá aṣọ jà náà nìyẹn. Àwọn kókó kéékèèké tí ẹ rí kì í ṣe èélá, wọn kì í sì í ṣe àrùn: ibi tí ara ti ń pèsè òróró ni wọ́n, òróró tí wọ́n ń tú jáde ló ń rọ orí ọmú tó sì ń dáàbò bò ó, nítorí náà ẹ má ṣe tẹ̀ wọ́n, ẹ má sì fi ọṣẹ kankan fọ ibẹ̀. Omi lásán tó fún orí ọmú. Ohun pupa rúsúrúsú tó ń gbẹ mọ́ ọn ni omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tí ọmọ yín yóò kọ́kọ́ mu. Ọ̀pọ̀ aboyún ló máa ń rí i kí wọ́n tó bímọ, àwọn mìíràn kò sì ní rí i rárá, méjèèjì ló dára. Bí ó bá gbẹ, ó lè máa yún yín. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, kí ẹ nù ún kúrò jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe máa fún ọmú láti wò ó bóyá ó wà níbẹ̀.

Ní ti kànrìnkàn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Orí ọmú kì í yi nípa fífọ̀, ṣe ni awọ rẹ̀ máa ń bó. Bákan náà, fífi ọwọ́ ra orí ọmú léraléra lè mú kí ilé ọmọ máa sún kì, èyí tí a kò fẹ́ ní oṣù keje. Ohun tó ń fa egbò orí ọmú lẹ́yìn ìbímọ, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ni pé ọmọ kò gbá ọmú mú dáadáa. Orí ọmú nìkan ló gbé sẹ́nu dípò kí ó gbé púpọ̀ nínú dúdú tó yí i ká pẹ̀lú. A máa ń kọ́ àwọn ìyá ní bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sí ọmú, ibẹ̀ sì ni kí ẹ fi ọkàn sí.

Dettol, Izal àti sípíríìtì máa ń jó awọ, wọ́n sì máa ń gbẹ ẹ́. Robb àti Aboniki máa ń ta, ara yóò gbàgbé yíyún fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nítorí títa náà, lẹ́yìn èyí awọ yóò wá máa bínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ lè rà láìsí ìbẹ̀rù ni calamine, tí ó wà ní ilé ìtajà oògùn púpọ̀. Ẹ fi pa ibi tó ń yún, kì í ṣe orí ọmú gan-an, ẹ sì fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá bí ọmọ bá ti dé. Oògùn mímu fún yíyún wà tí dókítà lè fún aboyún, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rà á fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ ìpara àdàlú ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, ẹ̀yin àti gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí. Ohun tó wọ́pọ̀ nínú irú ike bẹ́ẹ̀ ni sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, hydroquinone tí wọ́n fi ń bó àwọ̀ ara, àti nígbà mìíràn mákúrì. Òótọ́ ni pé sítẹ́rọ́ìdì máa ń dá yíyún dúró kíákíá, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń padà lọ rà á, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó lọ láìsí ẹni tó ń bójú tó o, yóò sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìlà yóò sì fẹ̀ sí i. Mákúrì ń gba inú awọ wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń gba inú ibi ọmọ kọjá, ó sì lè ba kíndìnrín ìyá àti ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ìpara tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, tí kò ní àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí kò sì ní nọ́ńbà NAFDAC, kò yẹ kí ó kan ara aboyún rárá. Dúdú tó yí orí ọmú ká náà kì í ṣe ìdọ̀tí. Oyún ló mú un dúdú sí i, yóò sì ṣí díẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dẹ́kun fífún ọmọ lọ́mú.

Ìgbà wo ni ó kọjá ti ilé? Bí ó bá jẹ́ ọmú kan ṣoṣo ló ń yún yín, tí orí rẹ̀ ń pa èépá tàbí tó ń ṣomi, tí kò sì jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kan kókó kan nínú ọmú tàbí ní abíyá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde láti orí ọmú. Bí awọ bá ń fà wọnú tàbí tó dà bí èèpo ọsàn. Bí ọmú bá gbóná, tó wú, tí ibà sì dé pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú lè mú aboyún bí ó ti lè mú ẹlòmíràn, ohun tó sì máa ń jẹ́ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i ni pé gbogbo ènìyàn, títí kan aláìsàn fúnra rẹ̀, á ní oyún ló fà á. Àyẹ̀wò ultrasound fún ọmú kò léwu fún ọmọ inú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé kí ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá bímọ tán.

Ìyá Àgbà Màpó dáhùn:

Ẹ ṣeun, ọmọ mi nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọṣẹ dúdú, kí àwọn ọmọdé má baà rò pé ohun burúkú ni àwọn ìyá wọn ń fún wọn. Eérú èèpo kókó àti àdí ni a fi ń se é, ọṣẹ náà sì dára fún ara gbogbo. Ṣùgbọ́n eérú yẹn ló ń mú un jẹni. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, tí eérú rẹ̀ pọ̀, kò yẹ fún awọ tó ti ń bínú tẹ́lẹ̀, àwa tí a mọ̀ ọ́n lò kì í sì í fi í pẹ́ lára ìkókó. Bí ọmọ yìí bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ó ho ó sí ọwọ́, kí ó fi wẹ ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó yọ ọmú sílẹ̀.

Ohun kejì ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọ mi, má ṣe bá wọn jiyàn. Bí ẹ bá tún ń lọ sí àyẹ̀wò aboyún, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sìn ọ́ lọ, kí wọ́n bi nọ́ọ̀sì léèrè fúnra wọn. Wọ́n yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe máa gbà á lẹ́nu rẹ lọ, inú wọn yóò sì dùn pé o fi ti wọn ṣe. Àti pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé àgbo ejìnrìn fún ọ láti mu nítorí yíyún, má ṣe mu ún. Ejìnrìn kì í ṣe ohun tí aboyún ń mu.

Aboyún Mọ́kọ́lá dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ìyá mi. Mo ti fi kànrìnkàn sílẹ̀, mo sì ti bá ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀ bí Ìyá Àgbà ṣe wí. Wọ́n ti gbà láti bá mi lọ. Ohun kan ló kù. Nígbà tí mo gbé ọmú sókè nínú dígí, mo rí i pé awọ abẹ́ rẹ̀ kò dà bí ti òkè. Ó pọ́n, ó máa ń tutù rinrin, ó ń ta mí, ó sì ní òórùn díẹ̀. Ṣé òrí náà ni kí n máa fi sí i?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí dáhùn:

Rárá o, ẹ má ṣe fi òrí sí abẹ́ ọmú mọ́ títí wọn yóò fi wò ó. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jọ àrùn awọ tó máa ń hù níbi tí awọ bá ti ń lẹ̀ mọ́ awọ tí òógùn kò sì gbẹ, ọ̀rá yóò sì tún sé omi mọ́ ọn. Awọ òkè gbẹ, ó ń fẹ́ òróró; ti abẹ́ tutù, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́. Ẹ fi omi ṣan ibẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ gbẹ dáadáa, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i láìwọ kọ́mú nígbà tí ẹ bá wà nínú yàrá, bí ẹ bá sì fẹ́ jáde, ẹ ṣẹ́ aṣọ òwú fẹ́lẹ́ sí abẹ́ ọmú kí ó máa fa òógùn mu, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti tutù. Ẹ má ṣe da páúdà sí i. Yóò dì níbẹ̀ ni.

Ẹ fi han dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún yín ní clotrimazole, èyí tí à ń fi pa awọ aboyún, àmọ́ kí ó jẹ́ èyí tí clotrimazole nìkan wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n po sítẹ́rọ́ìdì mọ́, tí àwọn ènìyàn máa ń rà fún làpálàpá. Kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ṣúgà yín wò nínú oyún yìí, nítorí pé irú àrùn awọ yìí máa ń fẹ́ràn ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga.

Aboyún Olódó béèrè:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Oyún tèmi ti wọ oṣù kẹjọ. Ọmú mi ń yún mi bí ti ẹ̀gbọ́n mi yìí, ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló wá ń yún mi jù, pàápàá lóru, débi pé mi ò lè sùn. N kò rí èélá kankan lára. Ṣé òrí náà ni?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí dáhùn:

Ẹ kò já lu ọ̀rọ̀ rárá, mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè. Ti yín yàtọ̀, òrí kò sì lè tọ́jú rẹ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ aboyún bá ń yún un láìsí èélá, tí ó sì ń le sí i lóru ní oṣù tó kẹ́yìn oyún, a gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Nígbà mìíràn òróǹro kì í ṣàn jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀ aboyún bó ṣe yẹ, àwọn èròjà inú rẹ̀ á wá máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ló sì ń fa yíyún náà. Yíyún yẹn kì í pa ìyá, àmọ́ bí èròjà náà bá pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè ṣe ọmọ inú ní ìjàǹbá, ọmọ sì lè kú sínú. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ tí a ṣe àyẹ̀wò fún ni kò ní i, àwọn tó sì ní i, dókítà lè máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ó fún wọn ní oògùn tí yóò dín yíyún kù, kí ó sì pinnu bóyá kí wọ́n bí ọmọ náà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì yín. Ẹ lọ lọ́la sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà aboyún, ìbáà ṣe ibi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀, ìbáà ṣe Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu tàbí UCH, kí ẹ sì sọ ọ́ ní kedere pé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń yún yín, pé òru ni ó ń le jù, àti pé kò sí èélá. Bí ẹ bá sọ pé ara ń yún yín lásán, wọ́n lè kọ ìpara fún yín. Ẹ sọ fún wọn bí ìtọ̀ yín bá ti ṣú, bí ìgbẹ́ yín bá funfun, tàbí bí ẹyinjú yín bá pọ́n rúsúrúsú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní liver function test, tó ń wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti èyí tó ń wọn èròjà òróǹro ni kí ẹ béèrè fún. Bí èsì àkọ́kọ́ bá dára tí yíyún náà kò sì lọ, ẹ padà lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé yíyún lè ṣáájú kí ó tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ kò bá sì yí nínú yín bí ó ti máa ń yí, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́. Wákàtí náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Aboyún Olódó dáhùn:

Mo ti gbọ́, mà. Ọmọ ń yí dáadáa ní alẹ́ yìí. Mo ti sọ fún ọkọ mi, Adéọ̀yọ́ ni a ń lọ ní kùtùkùtù.